Ibi Tí Irin Ti Jókòó Nínú Igi: Ìtàn Ìdí Ìbọn, Láti Iffe Dé Birmingham

Bí a bá ń pìtàn ìbọn ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu ìbọn ni a sábà máa ń sọ. A ń sọ ẹran tí ó pa, ogun tí ó tú ká, àti bí ó ṣe fọhùn tí igbó mì tìtì. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìdí rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀pá irin ti jókòó nínú igi, tí igi náà sì ti kan èjìká ọdẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún ẹni tí ó ni ìbọn. Ẹnu ìbọn ń wo ẹran. Ìdí ìbọn ń wo ọdẹ.

Lónìí, nígbà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Òkun ń sùn sínú igbó láti ṣọ́ ìlú lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, ó yẹ kí a bèèrè irú ohun tí wọ́n gbé lé èjìká. Ìdáhùn ìbéèrè náà jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ìbọn tó dáyé, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ó sì padà wá sílé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọgbọ́n orí kọ́ ni ó ya ìbọn tí ń dáàbò bo olówó rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń ṣe é léṣe. Òfin àti ìdánwò ni.

Òkúta Iffe àti àáké alágbẹ̀dẹ

Iffe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ìjùmú, Owé, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ni a ń pè lápapọ̀ ní Òkun, orúkọ tí ó ti inú ìkíni wọn jáde. Ihò àpáta kan wà ní Iffe tí wọ́n ń pè ní Itaakpa. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí àpáàdì ìkòkò pẹ̀lú àwọn ègé òkúta kéékèèké tí ọwọ́ ènìyàn fọ́ kí ẹnu wọn lè mú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti lé ní 2,000 ọdún tí ènìyàn ti ń lo ibẹ̀.

Irú ègé òkúta kéékèèké bẹ́ẹ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Níbi púpọ̀ láyé tí wọ́n ti rí wọn, a mọ̀ pé ńṣe ni àwọn ènìyàn àtijọ́ máa ń tẹ̀ wọ́n bọ igi, tí wọn á fi oje lẹ̀ wọ́n tàbí kí wọ́n fi okùn dè wọ́n, kí wọ́n lè di ọfà tàbí ọ̀bẹ. Níbẹ̀ ni ìṣòro kan ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì tán títí di òní: báwo ni ohun líle ṣe lè jókòó nínú igi, kí ó má baà la igi náà nígbà tí agbára bá dé bá a?

Àwọn alágbẹ̀dẹ jogún ìṣòro yìí nígbà tí irin gba ipò òkúta. Ẹ wo àáké ìbílẹ̀. Ìrù irin rẹ̀ wọ inú orí igi tí ó nípọn. Ní gbogbo ìgbà tí àáké bá sọ igi, irin náà ń ti ara rẹ̀ sẹ́yìn wọnú eékù. Bí ihò tí a gbẹ́ bá bá irin mu yíká, ńṣe ni àáké á máa le sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni irin ti kan igi, gbogbo agbára á kó jọ sí ojú kan, eékù á sì là. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọṣẹ́ mọ èyí láìka ìwé. Ìmọ̀ kan náà yìí ni ìbọn yóò béèrè nígbà tí ó bá dé.

Ṣakabùlà dé

Láti etíkun ni ìbọn ti wọ ilẹ̀ wa. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ fún wa nípa ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú gbé lọ sí ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1829, nígbà tí ọ̀pọ̀ jagunjagun ṣì ń gbára lé idà àti ọfà. Kò pẹ́ tí ìbọn fi di ohun tí olórí ogun kọ̀ọ̀kan ń wá. Èyí tí ó gùn jù ni a ń pè ní ṣakabùlà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Denmark pe irú ìbọn náà, nítorí pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń tà á ní etíkun Guinea. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì ń bá ọkọ̀ ojú omi wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìbọn náà ṣe jókòó nínú igi rẹ̀. Ọ̀pá irin gígùn kan dùbúlẹ̀ sínú ọ̀nà tí a gbẹ́ sójú igi. Ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan gba inú igi kọjá lábẹ́ ọ̀pá náà láti dì í mú. Ní ìdí ọ̀pá, irin pẹlẹbẹ kan yọ sẹ́yìn bí ìrù, a sì fi ìdè kan so ó mọ́ ọrùn igi, níbi tí ọwọ́ ń dì mú. Apátí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta ìbọn wà lẹ́nu apátí, ẹ̀tù wà nínú àwo kékeré. Bí òkúta bá ṣáná, ẹ̀tù á gbiná.

Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ọta á gba iwájú lọ. Ṣùgbọ́n agbára tí ó ti ọta síwájú ni ó ti ìbọn sẹ́yìn, ìwọ̀n kan náà ni méjèèjì. Bí ẹṣin ṣe ń tàpá ni ìbọn ń tàpá. Bí ọta bá ṣe wúwo tó, tí ẹ̀tù sì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtàpá náà yóò ṣe le tó. Bí ìbọn fúnra rẹ̀ bá sì fúyẹ́, yóò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ṣakabùlà, ìrù pẹlẹbẹ yẹn àti ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ó ń ru gbogbo rẹ̀. Ìrù náà a máa ṣiṣẹ́ bí èèkàn tí a fi ń la igi ìdáná. Lọ́jọ́ kan, ọrùn ìbọn á là.

Ẹ̀tù òwò tí wọ́n ń tà fún wa kò lágbára tó ẹ̀tù àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Nítorí náà, ó di àṣà kí a máa ki púpọ̀ sí i. Bí ẹ̀tù tí ó dára bá wá ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ́ lára láti ki ẹ̀kúnwọ́, ọ̀pá lè bẹ́, igi sì lè fọ́. Abájọ tí ọ̀pọ̀ jagunjagun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í fi ìdí ìbọn ti èjìká. Láti ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín, tàbí kí wọ́n nà án jìnnà sí ojú. Àwọn òyìnbó kan fi èyí ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ìbọn yìn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Ìdí ìbọn náà ní bí ó ṣe ń kọjú sí ènìyàn.

Ọdẹ òyìnbó lábẹ́ ìyà kan náà

Ẹni tí ó bá rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni ìbọn Birmingham fìyà jẹ, kí ó gbọ́ ìtàn Frederick Selous. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì dé gúúsù Áfíríkà ní 1871 láti ṣọdẹ erin. Ìbọn méjì tí ó rà síbẹ̀ jẹ́ olówó pọ́ọ́kú láti ọwọ́ Isaac Hollis ti Birmingham, ìbọn tí a ń ki láti ẹnu. Ọta kan ṣoṣo wọn wúwo ju 100 gíráàmù lọ, ìbọn fúnra rẹ̀ kò sì tó kílò mẹ́fà. Ẹ̀kúnwọ́ ni ó ń bu ẹ̀tù láti inú àpò awọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó fi wọ́n pa erin 78.

Lọ́jọ́ kan, ìbọn náà kọ̀, kò dún. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò mọ̀, ó tún ki òmíràn lé ti àkọ́kọ́. Nígbà tí Selous yìn ín, ìbọn náà gbé e kúrò nílẹ̀, ó sì fò kọjá lórí rẹ̀. Igi ìbọn fọ́ yángá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ etí erin tí a dì mọ́ ọn ní tútù kí ó lè gbẹ mọ́ igi ni a fi wé e. Selous kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1881. Lẹ́yìn náà, ó kábàámọ̀ pé òun lo ìbọn wọ̀nyẹn rí, nítorí pé wọ́n ba ìfọkànbalẹ̀ òun jẹ́ bí òun bá fẹ́ yìnbọn.

Ẹ kíyè sí awọ tútù náà. Ohun tí ọdẹ wa ń ṣe nìyẹn títí di òní nígbà tí igi ìbọn rẹ̀ bá sán: a máa fi awọ tútù wé e, yóò sì gbẹ mọ́ ọn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ̀wé àti ọdẹ inú igbó Ìjùmú ní ìṣòro kan náà, oògùn kan náà ni wọ́n sì lò.

Eyín irin

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1898, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì gba ìbọn kan láti ilé-iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf. Lábẹ́ irin rẹ̀, níwájú, ègé kékeré kan yọ sísàlẹ̀ bí eyín. Eyín yìí wọ inú ihò tí a gbẹ́ fún un nínú igi. Bí ìbọn bá tàpá, ẹ̀yìn eyín náà, tí ó fẹ̀ tí ó sì tẹ́jú, ni ó ń kan igi, kì í ṣe ìrù pẹlẹbẹ tí ń là á. Agbára náà tàn ká sára igi tí ó nípọn kí ó tó dé èjìká. Kì í ṣe Mauser nìkan ni ó mọ ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ó ti tàn kárí ayé.

Àwọn tí ń ṣe ìbọn ọdẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù mú irin Mauser, wọ́n kọ́ ìbọn tí ó lè dá erin àti ẹfọ̀n dúró lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ Rigby gbé ìbọn .416 rẹ̀ jáde ní 1911. Ọta rẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 26, ó sì ń sáré ju 700 mítà lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìtàpá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìbọn tí a fi ń pa àgbọ̀nrín. Kí igi lè gba èyí, wọ́n fi ọ̀pá irin kékeré dábùú igi lẹ́yìn eyín náà. Nínú àwọn ìbọn kan, wọ́n tún fi eyín kejì sábẹ́ ọ̀pá.

Ṣùgbọ́n eyín irin kò wúlò bí kò bá jókòó dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń gba sùúrù ni èyí. Oníṣẹ́ á gbé irin sókè iná fìtílà kí èéfín dúdú lè bò ó. Á wá tẹ̀ ẹ́ bọ inú igi, á sì yọ ọ́. Ibi tí dúdú bá ti lẹ̀ mọ́ igi ni irin ti kàn. Á fi ohun ìgbẹ́ ha ibẹ̀ díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ wọlé, títí dúdú á fi kárí ojú igi tí ó dojú kọ ẹ̀yìn eyín. Bí ó bá kánjú, tí ojú kan ṣoṣo sì ń kàn, igi á là níbẹ̀ bí eékù àáké ṣe ń là. Bí àyè bá sì ṣẹ́kù, irin á máa yẹ̀ nínú igi, ọta kejì kò sì ní gba ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà. Níwájú ẹfọ̀n tí ó gbọgbẹ́, ìyẹn ni ikú. Igi walnut ti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sábà máa ń lò, èyí tí kì í ṣe àsálà tiwa. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da àtè oníkẹ́míkà tí ń gan bí òkúta sáàárín irin àti igi, kí méjèèjì lè bára mu láìṣẹ́ku.

Ṣé ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó kọjá òye ẹni tí ń rọ àáké, tàbí ẹni tí ń gbẹ́ ère Ìbejì? Kò sí. Irin, igi, èéfín fìtílà àti sùúrù ni. Èwo ni kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa?

Kabba, 1897

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ìwé. Ní July 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n fa ìlà sórí Áfíríkà, láti 20 ní àríwá dé 22 ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, wọ́n sì ní kí a má ṣe kó ìbọn òde òní wọ àárín ìlà náà fún àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda ni ìbọn olókùúta tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán, pẹ̀lú ẹ̀tù òwò. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Àwọn ogun tí ń kó ẹrú ń lo ìbọn lóòótọ́, ilẹ̀ Òkun tí àwọn Nupe ti Bida ti ń kó lẹ́rú láti àárín ọ̀rúndún náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ ohun mìíràn. Nínú ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn Snider tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, Ìbàdàn kò sì lè borí wọn mọ́. Aláwọ̀ dúdú tí ó ní ìbọn tòótọ́ kò ṣe é tì sẹ́yìn.

Ọdún méje lẹ́yìn àdéhùn Brussels, ní January 1897, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kúrò ní Lokoja, wọ́n gba Kabba, wọ́n sì kéde pé ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ Bida. Wọ́n kọjá sí Bida fúnra rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun ibẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Àwọn jagunjagun wọn kò tó 600, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì dojú kọ wọ́n. Ìbọn Maxim ni wọ́n gbára lé. Ohun tí ìbọn Maxim fi ń ṣiṣẹ́ ni ìtàpá: agbára tí ń ti ìbọn sẹ́yìn ni ó fi ń ju kóro ọta jáde, tí ó sì fi ń ki òmíràn fúnra rẹ̀. Agbára tí ń fọ́ èjìká ọdẹ Ìjùmú ni òyìnbó ti sọ di ìránṣẹ́.

Báyìí ni ilẹ̀ Òkun ṣe bọ́ lọ́wọ́ Nupe, tí ó sì bọ́ sábẹ́ ìjọba Àríwá Nàìjíríà. Ní 1959, Òfin Ìbọn jáde, òun náà ni a sì ń lò títí di òní. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀, èyí tí ènìyàn lè ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ, títí kan ìbọn ọdẹ ńlá, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu bíi ṣakabùlà. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa rọ ìbọn láìsí àṣẹ ìjọba. Alágbẹ̀dẹ kò tìtorí èyí jáwọ́, ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ ni ó ti ń ṣe é. Ó ń fi irin ara ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ṣe ọ̀pá. Kò sí ẹni tí ó ń bi í bóyá irin náà lè gba ẹ̀tù, kò sì sí ẹni tí ó ń wo bí ó ṣe jókòó nínú igi.

Ohun tí Birmingham ṣe tí àwa kò ṣe

Birmingham náà rọ ìbọn burúkú fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1813, ilé aṣòfin wọn dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ nínú ìlú náà. Òfin ní kí a ki ẹ̀tù tí ó ju ìwọ̀n lọ sínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí a yìn ín níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó bá bẹ́, ó bẹ́. Èyí tí ó bá dúró, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ilé náà ṣì wà títí di òní. Wọn kò fi òfin lé alágbẹ̀dẹ wọn sínú ìkọ̀kọ̀. Wọ́n mú un jáde síta, wọ́n sì béèrè pé kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ní ọjọ́ 9 January 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Kogi kò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìlà tí a fà lẹ́yìn 1897 ṣì ń pín Òkun níyà kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀. Ọdẹ Òkun ṣì ń dá gbé ṣakabùlà lọ pàdé ẹni tí ó gbé AK-47, ó sì ń bẹ̀rù ìdí ìbọn tirẹ̀ bí ó ṣe ń bẹ̀rù ẹnu ìbọn ọ̀tá.

Àwọn kan á ní kí a gba ìbọn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, nítorí ìbọn ìkọ̀kọ̀ ni olè àti jàǹdùkú náà ń rà. Ṣùgbọ́n 1959 jìnnà sí òní, ìbọn ìkọ̀kọ̀ kò sì dín kù. Ohun tí a kò fẹ́ wò ni a kò lè kà. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ bá forúkọ àwọn alágbẹ̀dẹ sílẹ̀, tí wọ́n kọ́ wọn ní irú irin tí ó lè gba ẹ̀tù, tí wọ́n ń dán ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò, tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà mọ́ ọn, ọlọ́pàá á mọ ibi tí ìbọn ti wá, ọdẹ á sì mọ̀ pé ohun tí ó wà ní èjìká òun kò ní pa òun.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ eékù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọwọ́ ọdẹ Òkun ti tẹ ìdí ìbọn. Ìdí ìbọn náà ni kò tíì dúró, títún un ṣe kò sì kọjá agbára agbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà wa. Òfin ni kí ó yàgò fún wọn, kí ó sì dúró tì wọ́n láti dán iṣẹ́ wọn wò.